Wọ́n Ní Kí N Wá Jẹ́rìí Lórí Ìbò

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ni mí ní Ibẹrẹko, lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó wá ti ń lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí. Èmi kì í ṣe olóṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe lọ́yà. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbò gbé mi dé iwájú adájọ́ mẹ́ta ní Ìkẹjà ní ọdún kan, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ka gbogbo ẹjọ́ ìbò tí ọwọ́ mi bá tẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo ẹbí wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò sì ní sọ ọdún tí ó jẹ́, nítorí ó ṣì wà láàyè, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa ka ìwé ìròyìn. Òun ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi nígbà tí bàbá mi kú, tí ẹja yíyan tí ìyá mi ń ṣe kò sì tó bọ́ wa. Bí mo bá ń jẹ́ tíṣà lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó jáde du ipò aṣòfin, kò wọlé. Ìbò tí ẹnìkejì fi jù ú lọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi gba kámú, kò sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi pè é ní àṣìṣe.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí wọ́n kéde èsì, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá agbo ilé ní kíkún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó lórí àga ike, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè, olúkúlùkù ló ní ìtàn màgòmágó tirẹ̀. Ọ̀kan ní wọ́n gbé àpótí ìbò gba orí ọ̀sà lọ. Òmíràn ní aṣojú ẹgbẹ́ wa kan gba owó, ó sì fọwọ́ sí ìwé èsì tí kò kà. Bọ̀ọ̀dá nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó rí mi, ó na ọwọ́ sí àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Tíṣà, o rí ohun tí wọ́n fi ojú wa rí?”

“Mo rí i, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú.”

“A ń lọ sí kóòtù. Ìwọ ni o máa ṣíwájú àwọn ẹlẹ́rìí wa. Bí tíṣà bá sọ̀rọ̀, adájọ́ á gbọ́.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, “Ó dára, sà.”

Ní ọjọ́ kejì ni lọ́yà dé láti Èkó. Mo ti rò pé ọkùnrin aláriwo kan ni n ó rí, ṣùgbọ́n ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó wọ jígí, ó sì mú ìwé kékeré kan dání. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé ọjọ́ ń lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde èsì, ọjọ́ 21 péré ni òfin fún ẹni tí ó bá fẹ́ pe ẹjọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejìlélógún, ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ìwé ẹjọ́ bá ti wọlé, tìrìbúnà gbọ́dọ̀ dá a láàárín ọjọ́ 180; bí ẹnì kan bá sì gbé e lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 60 ni tìyẹn. Ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ pẹ̀lú ìbúra, kí ó sì bá ìwé ẹjọ́ wọlé pọ̀. Kì í ṣe pé ènìyàn á dé kóòtù tán kí ó tó máa ronú ohun tí òun yóò sọ.

Ọ̀nà tí òfin ṣí sílẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ẹni tí wọ́n kéde kò bá yẹ láti du ipò náà rárá, ọ̀nà kan nìyẹn. Bí ìwà ìbàjẹ́ bá ti wọ inú ìbò náà, tàbí tí wọn kò tẹ̀lé òfin ìdìbò, òmíràn nìyẹn. Bí kì í bá sì ṣe òun ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbò tí ó tọ́, ìyẹn náà ń bẹ. Ohun tí kò bá sí nínú wọ̀nyí, ẹjọ́ ìdí ìyá ni, kì í ṣe ti kóòtù.

“Ẹ̀yin ará,” lọ́yà ní, “mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ fi ojú ara yín rí?”

Ilé pa lọ́lọ́. Ẹni tí ó ní wọ́n gbé àpótí gba orí ọ̀sà ní àbúrò òun ni ó sọ fún òun. Lọ́yà béèrè àbúrò náà. Ó ní ó ti lọ sí Kútọnu. Ẹni kejì ní ní ọjà Àgbàlátà ni òun ti gbọ́ ti aṣojú tí ó gba owó. Lọ́yà kò kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní gbọ́-yìí-sọ̀yìí kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ adájọ́, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí ó kàn mí, mo sọ tèmi. Ní ibùdó ìdìbò tí mo ti dìbò, mo rí ọkùnrin onífìlà funfun kan lábẹ́ igi àgbọn, ó dì mọ́ ìwé kan. Ẹni tí ó bá ti dìbò tán á lọ bá a, á fi ojú sí ìwé náà, ọkùnrin náà á sì fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Mo rí obìnrin mẹ́ta tí ó gba owó báyìí. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni ọ̀kan nínú wọn kà lójú mi. Gbogbo yín ni ẹ mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè é láti ìgbà ìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù keje ọdún 2018: dìbò kí o sebẹ̀. Lọ́yà kọ èyí sílẹ̀.

“Ta ni ó rán ọkùnrin náà?”

“Gbogbo wa mọ̀ pé ẹgbẹ́ wọn ni.”

“Ọ̀gá tíṣà, mo ní ta ni ó rán an? Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ṣé ẹ rí i pẹ̀lú ẹni tí ó du ipò?”

N kò gbọ́, n kò sì rí.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀sùn inú ẹjọ́ ìbò kò wúwo bákan náà. Bí o bá ní wọ́n ka ìbò ṣì, tàbí pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà, adájọ́ á gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, èyí tí ó bá wúwo jù ni yóò mú. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ẹnì kan fi owó ra ìbò, ọ̀ràn ni o fi kàn án, bí ìgbà tí o pè é ní olè. Ọ̀ràn ni lóòótọ́: òfin ìdìbò ti ọdún 2022 pàápàá fi ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà, tàbí méjèèjì, sí i. Nítorí náà o gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn títí iyèméjì á fi tán. Lẹ́yìn èyí, o gbọ́dọ̀ so ọwọ́ tí ó pín owó mọ́ ẹni tí ó jàǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn náà, adájọ́ á tún bi ọ́ pé: ìbò mélòó ni ó yí padà? Obìnrin mẹ́ta kò lè gbé aṣòfin ṣubú.

Mo padà sílé pẹ̀lú ìwé kan tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti tẹ̀ fún mi, kì í ṣe lọ́yà. Nínú ìwé náà, èmi tíṣà rí i kí wọ́n máa pín owó ní ibùdó ìdìbò 14. Mo mọ orúkọ olùdíje tí ó rán wọn. Mo gbọ́ nígbà tí ó ń pàṣẹ. Àyè ti wà nísàlẹ̀ fún ìfọwọ́sí mi.

Ìyàwó mi ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Mo ka ìwé náà sí i létí. Ó dákẹ́ títí mo fi kà á tán, ó wá ní:

“Bàbá Bídèmí, ìrẹsì tí ó wà nínú yàrá ńkọ́?”

Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ti gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìbò, àwọn ènìyàn Bọ̀ọ̀dá pín àpò ìrẹsì kékeré fún àwọn obìnrin àdúgbò, àwòrán rẹ̀ sì wà lára àpò náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gba tirẹ̀. A ti jẹ ìdajì rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ lọ búra pé ẹgbẹ́ kejì ra ìbò, ikùn mi kò tí ì tán lára ìrẹsì ìbò.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ohun tí ó ń sọ sí mi lọ́kàn ni ìtàn tí bàbá mi máa ń sọ fún wa nípa ọdún 1979, bí ẹni pé ilé wa ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Òfin sọ pé ẹni tí yóò jẹ́ Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jù, kí ó sì tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Alhaji Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Shagari rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, ìbò 243,423 ni ó ní nínú 1,220,763, kò sì tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Awólọ́wọ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kò lè dín sí 13, nítorí a kì í gé ìpínlẹ̀ bí ẹní gé iṣu. Olóyè Richard Akínjídé, tí ó dúró fún ìhà kejì, ní 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ìṣirò náà lọ báyìí, mo ti ṣe é lójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano jẹ́ 813,842, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ju 203,461 lọ, 243,423 sì jù ú. Àwọn ọmọ ní ó tọ̀nà. Mo ní, “Ìṣirò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ṣé ènìyàn lè jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ará Kano?” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, mẹ́fà nínú adájọ́ méje ti Kóòtù tí ó ga jùlọ da ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Kayọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó yapa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Shagari búra. Bàbá mi a máa sọ pé ohun tí ó dun òun jù kì í ṣe pé Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi, bí kò ṣe pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń retí di ìṣirò ìdá-ìdá. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́ pátápátá. Adájọ́ kò lè ka ọkàn àwọn olùdìbò. Ìwé òfin àti ìwé èsì nìkan ni ó wà níwájú rẹ̀.

Bàbá mi àgbà ní ìtàn tirẹ̀ tí ó burú ju ìyẹn lọ. Àgbádárìgì ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n kéde àwọn kan pé wọ́n ti wọlé láìní alátakò, nígbà tí alátakò wọn ń fi ìwé tirẹ̀ wá òṣìṣẹ́ ìbò kiri tí kò rí i. Kóòtù wà, adájọ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà pé ohunkóhun yóò ti ibẹ̀ jáde. Epo bẹntiróòlù ni wọ́n gbé. Wẹ́tìẹ̀! Ilé jó, ènìyàn jó, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá wí fún mi pé ẹjọ́ ìbò kò wúlò, eéfín tí bàbá mi àgbà sọ pé òun rí ni mo máa ń rántí.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò tètè dìde.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Ibùdó kan, ọkùnrin kan, obìnrin mẹ́ta.”

“Ìwọ! Ta ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Wọ́n rán ọ lọ kọ́ ìwé kí o lè wá máa bá mi ka obìnrin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?”

Mo ní kí ó má bínú. Mo sọ ti ìrẹsì fún un. Ó ní ìrẹsì kọ́ ni owó; ó ní ẹ̀bùn ni, ó ní ìgbà wo ni Yorùbá kò ti máa ṣe àlejò. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Níbo ni àlejò ṣíṣe ti ń parí, tí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀? Èmi ní tèmi rò pé bí àwòrán rẹ bá ti wà lára àpò, tí ìbò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àlejò.

Lọ́yà ni ó dá sí i. Ó ní ẹ̀rí ojú ewé kan tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju ti ojú ewé mẹ́wàá tí wọn yóò fà ya lójú àwọn adájọ́. Ó kọ ọ́, mo kà á, mo sì búra sí i.

Ọjọ́ tí a lọ sí Ìkẹjà, agogo mẹ́rin ìdájí ni a kúrò ní Ibẹrẹko. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wa yìí mọ ìdí rẹ̀. A dé, a jókòó títí ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n pè mí, lọ́yà wa bi mí bóyá èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà, mo ní èmi ni, ó jókòó. Lọ́yà ìhà kejì wá dìde. Ọkùnrin náà kò jágbe mọ́ mi rárá.

“Ọ̀gá tíṣà, ẹ mọ orúkọ onífìlà funfun yìí?”

“Rárá, sà.”

“Ẹ mọ ẹni tí ó rán an?”

“N kò mọ̀ ọ́n.”

“Àwọn obìnrin mẹ́ta yìí, ẹ mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún?”

“Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ka.”

Ó ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó, ó tún yí padà. “Ẹni tí ó pe ẹjọ́ yìí, ǹjẹ́ ó fún yín ní nǹkan kan kí ìbò tó dé?”

Mo wo ojú Bọ̀ọ̀dá. Aṣọ funfun ni ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Wọ́n fún ìyàwó mi ní ìrẹsì.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ gbé ojú sókè, ó wò mí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n da ẹjọ́ náà nù ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn kò dá a nù nítorí ìrẹsì o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nínú gbogbo ibùdó tí a fẹ̀sùn kàn, díẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tí ó so owó náà mọ́ olùdíje. Àwọn ìwé tí a kó wá pọ̀ tó ẹrù orí, ṣùgbọ́n a kò mú ẹni tí yóò ṣí wọn, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí èrú wà. Adájọ́ kì í gbé ìwé lọ sí yàrá rẹ̀ lọ bá ẹlẹ́jọ́ wá ẹ̀rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, mo sì rí i pé ẹni tí ó bá múra dáadáa a máa jàre. Ní Oǹdó ní ọdún 1983, àjọ elétò ìdìbò kéde Akin Ọmọ́boríowó pé òun ni gómìnà. Ìlú dàrú, ẹ̀mí ṣòfò. Síbẹ̀ Olóyè Adékúnlé Ajáṣin gbé ìwé èsì rẹ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n tún ìbò kà níwájú òfin, ọ̀rọ̀ náà sì lọ dé Kóòtù tí ó ga jùlọ, Ajáṣin ni wọ́n gbé ipò fún. Ní Èkìtì, ìbò oṣù kẹrin ọdún 2007 ni Káyọ̀dé Fáyẹmí ń bá Ṣẹ́gun Òní fà títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2010 kí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé òun ni ó wọlé. Ẹ fojú inú wò ó: ọdún mẹ́ta àbọ̀ nínú sáà ọdún mẹ́rin! Irú ìdádúró báyìí ni ó mú kí wọ́n fi ọjọ́ 180 sínú òfin ìpìlẹ̀ ní ọdún 2010.

Ti Ọ̀ṣun ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lẹ́yìn ìbò àtúndì ní ibùdó 7 péré, ìbò 482 ni Gbóyèga Oyètọ́lá fi ju Adémọ́lá Adélékè lọ. Tìrìbúnà dá Adélékè láre ní oṣù kẹta ọdún 2019. Nígbà tí ó dé Kóòtù tí ó ga jùlọ ní ọjọ́ 5 oṣù keje, adájọ́ 5 nínú 7 ní ìdájọ́ tìrìbúnà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ló dé? Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta kò jókòó ní ọjọ́ kan tí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, òun kan náà ni ó sì wá kọ ìdájọ́. Àwọn ènìyàn bínú, wọ́n ní ìbò odidi ìpínlẹ̀ ṣubú nítorí àga kan tí ó ṣófo lọ́jọ́ kan. Mo lóye ìbínú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún ọmọ ní máàkì lórí ìdánwò tí n kò kà, kí ni òbí rẹ̀ yóò pè mí?

Àwọn méjèèjì tún pàdé ní ìbò ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022. Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Oyètọ́lá ní ìbò ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS dá mọ̀ lọ ní ibùdó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Tìrìbúnà gbà á gbọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ní ibùdó 744 ni èyí ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbé ipò fún un. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún náà, Kóòtù tí ó ga jùlọ fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní ìbò ju olùdìbò lọ gbọ́dọ̀ kó nǹkan mẹ́ta wá: ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀, àti ìwé èsì ibùdó náà. Ìwé àbọ̀ kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ INEC kí gbogbo ẹ̀rọ tó fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ tán kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi. Mo rò pé òfin wa le jù lórí ẹni tí ó ní wọ́n ra ìbò. Ẹni tí ó ń rán olówó lábẹ́ igi àgbọn kò ní fún un ní ìwé ìṣẹ́. Ta ni yóò wá gbọ́ ọ nígbà tí ó ń pàṣẹ? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá sọ èyí tán, ẹ̀rù ìhà kejì á bà mí. Bí obìnrin mẹ́ta àti fìlà funfun bá tó láti da ìbò nù, kí ni yóò dí ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò fìdí rẹmi lọ́wọ́ kí ó rán ọmọ tirẹ̀, kí ó dé fìlà ẹgbẹ́ kejì, kí ó máa pín owó lójú tíṣà kan? Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí a ti ń sọ ọ́ ní ìdí ayò.

Lóòótọ́, níbòmíràn adájọ́ ti fi ìwà ìbàjẹ́ yọ ènìyàn ńlá. Ní Íńdíà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1975, adájọ́ kan ní ìlú Allahabad gba àga ilé aṣòfin lọ́wọ́ Indira Gandhi tí ó jẹ́ olórí ìjọba, nítorí pé ó lo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ìpolongo ìbò rẹ̀ ti ọdún 1971. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kéde òfin pàjáwìrì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti kó òfin yìí wá, àwọn aṣòfin fúnra wọn ni ó ń dá ẹjọ́ ìbò ara wọn tẹ́lẹ̀. Ọdún 1868 ni wọ́n fi lé adájọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n yọ aṣòfin kan níbẹ̀, Phil Woolas, tí ó fi ìbò 103 wọlé. Kò pín owó. Irọ́ ni ó pa mọ́ alátakò rẹ̀ nínú ìwé ìpolongo. Bí wọ́n bá gbé òfin yẹn wá síbí, mélòó ni yóò kù?

Ní òdìkejì ẹnubodè wa, àwọn ará Àjàṣẹ́ ń sọ fún wa pé tiwọn yá jù: Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu ni ó ń dá ẹjọ́ ìbò àwọn aṣòfin, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ìbò ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, níbi tí ẹgbẹ́ méjì péré ti jáde, tí méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ. Níbi tí alátakò kò sí, kí ni kóòtù á rí dá?

Bọ̀ọ̀dá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún méjì. Bí mo bá kí i níbi ìnáwó ẹbí, á dáhùn sí afẹ́fẹ́. Ìyá mi sọ fún mi pé mo ti fi òtítọ́ sun ilé tí ó bò mí lórí. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó san fún mi, n kò tí ì rí ohun tí mo lè fi san án padà.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì tí ó kọjá, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni. Ó wọlé, ó jókòó, ó ní kí ìyàwó mi bu oúnjẹ fún òun. Ìrẹsì ni ó wà nílé. Ó wo àwo náà, ó wo èmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó mi sá wọ ilé ìdáná.

Nígbà tí ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Tíṣà, mo tún fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣojú tí yóò jókòó ti àpótí ìbò fún mi láti òwúrọ̀ títí wọn yóò fi kà á tán ni mo ń wá, ẹni tí yóò kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀. Àwọn ìhà kejì pàápàá mọ̀ pé o kò ní parọ́ mọ́ wọn.”

Mo bi í bóyá wọn yóò tún pín ìrẹsì. Ó ní òun kò tí ì mọ̀. Mo ní kí ó lọ rò ó, kí ó tó wá gbọ́ èsì mi.